Búrẹ́dì Màmá Igbein Tí Kò Ní Ẹmu

Nínú ìwé ètò ìsìnkú Màmá wa, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé onínú tútù ni, pé kò bá ẹnikẹ́ni jà rí títí ọlọ́jọ́ fi dé. Mo kà á nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí níwájú pósí. Màmá Igbein tí mo mọ̀? Tó bá ẹlẹ́yin jà, tó bá ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì jà, tó sì bá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ jà títí ìjà náà fi di ìfẹ́? Ẹni tó kọ ìwé yẹn kò bá a gbé nínú oṣù Kejìlá rí. Èmi bá a gbé. Ẹ jẹ́ kí n wí tẹnu mi, kí wọ́n má fi irọ́ sin arúgbó náà.

Ìyá tó bí bàbá mi ni. Ilé rẹ̀ wà ní Igbein, nínú ọ̀nà tóóró kan tí mọ́tò kò lè wọ̀, gbogbo àdúgbò ló sì ń pè é ní Màmá Igbein, bí ẹni pé òun nìkan ni ìyá tó wà níbẹ̀. Mówé ni mò ń gbé báyìí, tí mò ń sáré lọ síṣẹ́ ní Èkó láràárọ̀ bí ẹni tí wọ́n gégùn-ún fún, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo wà ní gbogbo ìgbà tí mo fi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama. Tí mo bá mọ iṣẹ́ ṣe lónìí, tí mo sì mọ bí a ṣe ń dá ènìyàn lóhùn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ méjèèjì.

Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó wa lẹ́nu, Màmá á so ìró àtijọ́ kan mọ́dìí, á ní kí a lọ gbá ẹ̀yìnkùlé. Ààrò amọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àpáta, èéfín ti sọ àpáta náà di dúdú dé ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Ibẹ̀ ni oúnjẹ Kérésì ti ń jáde: ṣinṣín tí a ń dín nínú òróró, kéèkì tí a ń yan nínú agolo mílíìkì, àti búrẹ́dì ẹlẹ́mu. Búrẹ́dì yìí ni ọba wọn. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ, láti ìgbà tí yíìsì kò tíì wọ́pọ̀. Adẹ́mu á gbé ẹmu àárọ̀ wá kí ó tó kan, Màmá á dà á sínú fùláwà pẹ̀lú ṣúgà àti àgbọn tí a rin, á pò ó, á fi aṣọ bò ó, á sì fi í sílẹ̀ títí á fi wú. Yíìsì ti kún ọjà Kútọ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi, ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ rẹ̀ níwájú Màmá. "Yíìsì á kàn wú u ni," á ní, "ẹmu ló máa ń jẹ́ kó dùn."

Ẹ wá wo ìyọnu tí a máa ń rí kí búrẹ́dì yìí tó dénú ààrò. Tí Màmá bá fẹ́ ra ẹyin, á mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, á gbé e sétí, á mì í. Èyí tí omi inú rẹ̀ bá ń dún, á dá a padà sínú àtẹ. Ẹlẹ́yin kan bínú sí i lọ́jọ́ kan, ó ní, "Màmá, ẹyin lẹ wá rà, àbí rédíò?" Màmá kò tilẹ̀ wojú rẹ̀. Ó tún gbé òmíràn sétí, ó ní, "Ẹyin tó bá ń sọ̀rọ̀ kò ní bá mi délé."

Àwa ọmọ la máa ń rin nọ́tímẹ́ẹ̀gì. Ó mọ̀ pé ọ̀lẹ ni wá, ó sì mọ̀ pé a lè da èyí tí a kò rin sẹ́yìn ilé. Nítorí náà, bí a bá ní a ti parí, kì í wo inú abọ́, òórùn ọwọ́ wa ló máa ń gbọ́. Ẹni tí òórùn ọwọ́ rẹ̀ kò bá ta sánsán á padà sídìí iṣẹ́. Èmi náà padà lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì bú u nínú ọkàn mi. Ẹni tó bá sì fẹ́ mú ṣinṣín jẹ kí ó tó tutù, Màmá á gbá a lọ́wọ́, á ní, "Fojú jẹ ẹ́ ná."

Àbígbẹ̀yìn rẹ̀, Àǹtí Fúnmi, ló kọ́kọ́ gbìyànjú láti gbà á lọ́wọ́ gbogbo wàhálà yìí. Ọdún kan ó ti Èkó gbé kéèkì wá nínú páálí ńlá, kéèkì alájà, tí wọ́n fi ṣúgà funfun ṣe òdòdó sí lórí. Ó ní, "Màmá, ẹ sinmi lọ́dún yìí. Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe." A kóra jọ yí i ká, itọ́ ń dà lẹ́nu wa. Màmá yẹ̀ ẹ́ wò yí ká.

"Ó dáa o. Ta ló ṣe é?"

"Ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkẹjà ni, Màmá."

"Ṣọ́ọ̀bù ò lọ́wọ́. Mo ní ta ló ṣe é?"

Àǹtí Fúnmi kò mọ̀. Màmá gé kéèkì náà fún gbogbo wa, ó mú tirẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, torí kì í fi oúnjẹ ṣòfò. Ó nu ẹnu rẹ̀. "Ó dùn," ló wí. "Ṣùgbọ́n kò mọ̀ wá." Ó dìde, ó ní kí n lọ ko iná.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi mọ ìdí tí ó fi ń ṣe wàhálà náà. Nǹkan jíjẹ kọ́ ló jẹ ẹ́ lógún. Fífi ránṣẹ́ ni. Ní ọjọ́ Kérésì, kí ẹnikẹ́ni tó fi nǹkan kan ẹnu nílé wa, àwo á ti jáde, àwo tánganran tí a fi aṣọ funfun bò. Àkọ́kọ́ á lọ sọ́dọ̀ Àlàájà Sìdí tí ògiri ilé rẹ̀ kan tiwa, torí ẹran Iléyá rẹ̀ kì í fò wá dá. Lẹ́yìn náà adẹ́mu, lẹ́yìn náà tẹ́lọ̀, lẹ́yìn náà obìnrin kan tó máa ń bá a jà lórí omi kànga láti oṣù Kìíní títí di ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì. Mo ní, "Màmá, ẹni tó bú yín lánàá ńkọ́?" Ó ní, "Àná ló bú mi. Gbé e lọ kó tó tutù." Èyí tó jóná kì í jáde nílé, àwa la máa ń jẹ ẹ́, débi pé mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìdí kéèkì kò yẹ kó dúdú.

Ẹ sì mọ àṣà wa: abọ́ tí a fi oúnjẹ ránṣẹ́ kì í padà lófìfo. Àlàájà á kó ẹ̀pà sí i, tẹ́lọ̀ á fi ọ̀pá òwú sí i, ẹni tí kò ní nǹkan kan á fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Tí abọ́ bá padà lófìfo, ìwọ̀sí ni. Ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí dání díẹ̀, torí abọ́ ló fa ìjà tó tóbi jù lọ láyé Màmá.

Ọkọ rẹ̀, bàbá tó bí bàbá mi, kì í ṣe ọmọ Igbein. Abúlé kan lẹ́yìn Òṣíẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ti bí i, nínú ilé tí wọ́n ti ń bọ Ọbàtálá láti ayébáyé. Ó wá sí ìlú wá kàwé, wọ́n rì í bọmi, ó fẹ́ Màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró ní abúlé, ó ń ro oko, ó sì ń bójú tó òrìṣà ilé wọn. Ẹ̀gbọ́n yìí ni gbogbo wa ń pè ní Bàbá Abúlé. Màmá ò jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀. "Ọkọ mi" ló ń pè é, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ti í pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, Bàbá náà a sì máa pe Màmá ní "Ìyàwó."

Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí bàbá mi wà ní kékeré. Bàbá mi ló sọ èyí fún mi, ó sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó ní ohun tó ba Màmá lẹ́rù lẹ́yìn ikú náà kì í ṣe àìríjẹ. Ohun tó bà á lẹ́rù ni pé kí àwọn ọmọ rẹ̀ má di ọmọ tí kò mọ ilé bàbá wọn. Ẹni tó ń mú wọn lọ sí abúlé ti kú, ìgbàgbọ́ ti Igbein yàtọ̀ sí ti abúlé, kò sí ohun tí yóò tún máa fà wọ́n pọ̀. Nígbà tí Kérésì àkọ́kọ́ dé, ó ṣe búrẹ́dì ẹlẹ́mu tó dára jù lọ tó ti ṣe rí, ó gbé e sórí, ó kó àwọn ọmọ lẹ́yìn, ó di abúlé. Ó fẹ́ fi hàn wọ́n pé òun ṣì jẹ́ ìyàwó wọn.

Bàbá Abúlé gbà á tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó bù ú, ó jẹ ẹ́, ó tún bù ú. Ó ní, "Ìyàwó, kí lo fi sí i tó fi rọ̀ báyìí?"

Inú Màmá dùn débi pé kò ronú. Ó ní, "Ẹmu ni, ọkọ mi."

Ẹni tó ń bọ Ọbàtálá kì í fi ẹnu kan ẹmu. Ọmọdé abúlé mọ̀ ọ́n, Màmá náà mọ̀ ọ́n. Kò gbé agbè ẹmu dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí rí láti ìgbà tó ti di ìyàwó ilé. Ṣùgbọ́n ní ojú tirẹ̀, ẹmu tó ti wọ inú fùláwà kì í ṣe ẹmu mọ́, búrẹ́dì ló gbé lọ. Bàbá mi ní Bàbá Abúlé dìde, ó lọ bomi, ó yọ ẹnu rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Kò bú u. Ìbá sàn kó bú u. Ó ní, "Ìyàwó, gbé abọ́ rẹ. Kí nǹkan Kérésì yín má wọ ilé yìí mọ́."

Màmá kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, àwọn ìyàwó ilé bá a bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Màmá gbé abọ́, ó kó àwọn ọmọ, kò sunkún títí wọ́n fi dé oríta Òṣíẹ̀lẹ̀. Ibẹ̀ ló ti jókòó sórí òkúta tó sunkún tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ó fi ìdí ìró nu ojú, ó wo bàbá mi, ó ní, "Èmi ni mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n a ṣì ń padà bọ̀."

Bí ó ṣe padà ni ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa rẹ̀. Obìnrin tí kì í gbọ́ orúkọ yíìsì sétí lọ ra yíìsì. Ó ra abọ́ tuntun tí yóò máa fi pò fùláwà, ó ra páànù tuntun, ó kun ìdí wọn lọ́dà funfun kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú. Ní ọdọọdún, búrẹ́dì abúlé ló ń kọ́kọ́ ṣe. Títí tí ìyẹn á fi jáde nínú ààrò, adẹ́mu kò gbọ́dọ̀ yà sí ilẹ̀kùn wa. Mo rí ọkùnrin náà tó dúró lókèèrè pẹ̀lú agbè lọ́rùn, tó ń kígbe pé, "Màmá, ṣé kí n máa bọ̀?" Màmá á ní, "Ọkọ mi ṣì wà nínú iná. Dúró síbẹ̀!" Àlejò tó bá gbọ́ ọ á ta gìrì.

Ní ọdún tó tẹ̀lé ìjà náà, ó gbé búrẹ́dì aláìlẹ́mu náà lọ, ó ṣàlàyé. Bàbá Abúlé kò fọwọ́ kàn án. Abọ́ padà sílé tòun ti búrẹ́dì rẹ̀. Ọdún kejì, bákan náà. Bàbá mi kò rántí iye ọdún tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, ó kàn rántí pé ó ti sú òun. Àwọn ẹbí Màmá ní Igbein ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀, pé ẹni tí kò fẹ́ni kì í jẹ oúnjẹ ẹni. Màmá á ní, "Oúnjẹ ni wọ́n kọ̀, wọn ò tíì kọ èmi."

Ọdún kan wá dé tí ó gbé búrẹ́dì náà sílẹ̀ ní abúlé tó padà wálé. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fi abọ́ ránṣẹ́. Wọ́n ṣí i: kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Òfìfo. Gbogbo ilé Igbein gbaná jẹ. Ẹ̀gbọ́n Màmá obìnrin ní irú ìwọ̀sí wo nìyí, pé ó tán láàárín ìdílé méjèèjì. Màmá kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó ń yí abọ́ náà sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì, ó fi ọwọ́ wá èérún búrẹ́dì nínú rẹ̀, kò rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó láàárín ilé. "Ẹ̀yin aráa wa," ló ń wí, "ṣé ẹ ò rí i ni? Wọ́n ti jẹ ẹ́!"

Láti ọdún tó tẹ̀lé e ni ìgbín ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Abúlé á fi ìgbín oko kún inú abọ́ náà, láàyè, á da ewé bò wọ́n. Àwa ọmọ máa ń retí ìgbín náà ju aṣọ Kérésì lọ, torí Màmá máa ń dín in pẹ̀lú ata rodo tí omi á fi máa bọ́ lójú wa. Gbogbo ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí abúlé, wọ́n ń lọ fún ọjọ́ orúkọ, wọ́n ń lọ fún ìkórè iṣu. Bàbá mi mọ oko bàbá rẹ̀ títí dé ààlà. Búrẹ́dì ló mú un mọ̀ ọ́n.

Ìgbín yẹn kan náà ló wá fa wàhálà ti ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn sì ṣojú mi. Màmá ni Ìyá Ìjọ nígbà náà. N kò ní parọ́ fún yín, ó fẹ́ràn oyè yẹn gan-an. Ó fẹ́ràn àga iwájú, ó fẹ́ràn sáàṣì, ọ̀já èjìká aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi òwú wúrà kọ oyè náà sí, tí ó máa ń lọ̀ fúnra rẹ̀ ní alẹ́ Sátidé tí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn. Ọdún tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹgbẹ́ obìnrin ń ṣèpàdé ní pálọ̀ wa, agbọ̀n ìgbín sì wà ní kọ̀rọ̀, wọn kò dé e dáadáa. Wọ́n ń kọrin lọ́wọ́ nígbà tí ìgbín kan ti gun ògiri, ó ti dé orí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń na ìwo. Ìyá Ẹgbẹ́, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé, dá orin dúró.

"Màmá, níbo ni ìgbín yìí ti wá?"

Màmá lè ní ọjà Ìtòkú ni òun ti rà á, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló fi ta mí lọ́rẹ. Mo gbé búrẹ́dì Kérésì fún wọn, wọ́n sì fún mi ní ìgbín."

Gbogbo wọn mọ òrìṣà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ń bọ, wọ́n sì mọ̀ pé ìgbín ni oúnjẹ òrìṣà náà. Ìpàdé túká láìgbàdúrà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n padà wá. Ìyá Ẹgbẹ́ ní àwọn ti jíròrò, pé Ìyá Ìjọ kan kò lè máa gbé oúnjẹ ọjọ́ ìbí Olúwa lọ sílé òrìṣà. "Ẹ fi lílọ yẹn sílẹ̀, Màmá, àbí kí ẹ fi oyè sílẹ̀."

Mo gbé mínírà kalẹ̀ níwájú wọn, mo fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Mo mọ bí ó ṣe fẹ́ràn sáàṣì yẹn tó, mo sì rò pé ó máa bẹ̀ wọ́n.

Màmá ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ. Àwọn amòye tó wá kí Jésù nígbà tí wọ́n bí i, ṣọ́ọ̀ṣì wo ni wọ́n ti wá?"

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìràwọ̀ ni wọ́n tẹ̀lé, Màmá."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí èmi náà máa tẹ̀lé ọ̀nà Òṣíẹ̀lẹ̀."

Ó wọ yàrá. Ó ká sáàṣì náà dáadáa, ó tẹ́ ẹ sínú abọ́ tánganran, ó gbé búrẹ́dì lé e lórí, ó fi aṣọ funfun bò ó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ìyá Ẹgbẹ́. "Ẹ kú ọdún o," ló wí. "Ẹ má dá abọ́ mi padà lófìfo."

Kí Àjíǹde tó dé, Ìyá Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ dá abọ́ náà padà, ó sì ń wò bí ẹni tí ojú ń tì. Sáàṣì wà nínú rẹ̀, àkàrà gbígbóná wà lórí. Màmá ní, "Ṣé mo lè máa lọ sí abúlé?" Ìyá Ẹgbẹ́ wolẹ̀. Màmá kó àkàrà, ó dúpẹ́, ó sì dá sáàṣì padà fún un. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn ló ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó máa ń sọ pé atẹ́gùn ibẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n mo rí i lọ́jọ́ ìdúpẹ́ àwọn obìnrin, nígbà tí wọ́n ń jó lọ síwájú pẹpẹ, tí ó ń fọwọ́ pa èjìká rẹ̀ ní ibi tí sáàṣì máa ń wà. Ó dùn ún. Mo bi í bóyá ó kábàámọ̀. Ó ní, "Mo fẹ́ràn oyè. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ mi jù ú lọ."

Ẹ má rò pé òun àti Bàbá Abúlé wá di àdàbà méjì. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe àríyànjiyàn. Bàbá á ní ṣúgà ti pọ̀ jù. Màmá tí orúnkún ti ń dùn ún á kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìnira kí i, á sì ní, "Ọkọ mi, eyín yín ló ti lọ, ẹ má di ẹ̀bi rẹ̀ ru ṣúgà." Bàbá á rẹ́rìn-ín, á jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n òun kò wá sí Igbein rí lọ́jọ́ Kérésì. Ìyàwó ló ń wá kí ọkọ, bó ṣe máa ń wí nìyẹn, a ò sì retí ohun mìíràn lọ́dọ̀ rẹ̀.

Kérésì tó kẹ́yìn, orí àga ni Màmá jókòó sí ní ẹ̀yìnkùlé, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè pò nǹkan mọ́. Imú rẹ̀ ṣì ṣiṣẹ́. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń pàṣẹ fún èmi àti Àǹtí Fúnmi bí ọ̀gá ọlọ́pàá, ó sì gbóòórùn ọwọ́ mi, èmi tí mo ti lọ́mọ. Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó sùn, kò jí. Bàbá Abúlé kò wá síbi ìsìnkú, torí àgbà kì í wo òkú àbúrò, aya àbúrò rẹ̀ sì ni. Ó fi aṣọ funfun kan ránṣẹ́, a fi tẹ́ pósí.

Kérésì wá dé. Àǹtí Fúnmi ní a ò ní dáná lọ́dún yìí, ọ̀fọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Bàbá mi gbà bẹ́ẹ̀. Mo bi wọ́n pé abúlé ńkọ́. Bàbá mi ní, "Màmá ló mọ bó ṣe ń ṣe é. Bàbá náà ti darúgbó. Bóyá kí a jẹ́ kó sinmi." Inú bí mi. Ohun tí Màmá bẹ̀rù láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ń ṣẹlẹ̀ lójú mi yìí, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹkún ló wà lójú bàbá mi, n kò lè bá a jà.

A lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Kérésì, a padà sínú ilé tí kò ní òórùn kankan. Bí a ṣe dé orí ọ̀nà tóóró wa, a rí ọkùnrin kan tó wọ funfun, tó jókòó sórí àkàsọ̀ ẹnu ọ̀nà wa, tó fi ọ̀pá ti àgbọ̀n. Ọlọ́kadà kan dúró tì í, ó ń nu òógùn. Bàbá Abúlé ni.

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú eruku pẹ̀lú agbádá ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa obìnrin kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọdún," Bàbá wí. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Ìyàwó. Mo ti ń wo ojú ọ̀nà láti àárọ̀. Nígbà tí mi ò rí yín, mo ní kí n wá gba tèmi."

Bàbá mi kò lè gbójú sókè. "Ẹ má bínú, Bàbá. A ò ṣe é lọ́dún yìí."

Bàbá Abúlé mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ṣé fùláwà wà nínú ilé?"

"Ó wà, Bàbá," Àǹtí Fúnmi dáhùn, ó ti ń sunkún.

"Ẹ lọ pò ó. Mi ò kánjú."

Àǹtí Fúnmi ti tú gèlè rẹ̀ kó tó wọ ilẹ̀kùn. Bàbá mi lọ wá igi, òun tí n kò rí nídìí ààrò rí. A gbé àga Màmá síta fún Bàbá ní ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ òjìji àpáta, kí ó lè máa wo iná. Mo gbé omi tutù fún un, mo kúnlẹ̀ tì í. Mo ní, "Bàbá, ọ̀nà jìn, ara yín kò sì le. Kí ló dé tí ẹ fi da ara yín láàmú báyìí?"

Ó mu omi náà tán, ó gbé ife fún mi.

"Ìyàwó mi ti rìn ín tó," ló wí. "Ó kàn mí."